Ọ̀gá Wáyà àti Bíréèkì Tó Ń Dá Iná Padà

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Wáyà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Obìnrin tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra lọ́wọ́, ẹ̀rọ tó ti kú tipẹ́ á sín, á ní òun ti jí. Èmi tí mo fi orí ara mi kọ́ iṣẹ́ wáyà yìí kì í tètè yin ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo gbà fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Orí òkè ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣe búrẹ́dì, ìsàlẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo bátìrì ló sì fi ń gbé e lọ. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé títì ńlá tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Rọ́bà bíréèkì kì í pẹ́ jẹ tán níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, táyà iwájú ti wọ títì kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti sá lójú Ọ̀gá Wáyà.

Ó tú àpótí tó ń darí iná kẹ̀kẹ́, ó tún inú rẹ̀ tò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti fún bíréèkì, ẹ̀rọ tó ń yí táyà á di ẹ̀rọ tó ń pèsè iná. Iná náà á padà sínú bátìrì, bó sì ti ń wọlé ni táyà á máa wúwo, tí kẹ̀kẹ́ á máa rọra. Wọ́n dán an wò ní ọ̀nà kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Wáyà, ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé kẹ̀kẹ́ òun ń jẹ òkè bí ẹní jẹ búrẹ́dì.

Ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ fi ẹrù sọ òkè gan-an kalẹ̀, aládùúgbò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n juwọ́, ó gbéra. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí Ọ̀gá Wáyà.

“Mi ò jẹ́ kí ojú tì yín lónìí. Mo ti fi bátìrì yẹn síná látàárọ̀, ó kún dẹ́nu.”

Ọ̀gá Wáyà rí àṣìṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó ń dán iṣẹ́ náà wò, bátìrì kò kún rí. Kò rò ó pé kẹ̀kẹ́ tó ń ti orí òkè gbéra, bátìrì tó yó ni á fi máa gbéra. Ẹni tó ti yó, tí wọ́n tún ń ki òkèlè bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á pa eyín dé ni. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lára bátìrì, ẹ̀rọ kékeré tó ń dáàbò bò ó, á já iná náà dànù. Iná já, bíréèkì lọ nìyẹn.

Ó bọ́ bàtà, ó sáré. Bí àgbọ̀nrín bá wà lọ́nà lọ́jọ́ náà, á yà fún un. Níwájú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ rọra, lẹ́yìn náà ó ta gìrì, ó sì ń sá lọ. Ẹ̀gbọ́n fún bíréèkì, bíréèkì kò jẹ́ ẹ. Rọ́bà àtijọ́ ń rùn fìn-ìn. Ọ̀nà ilé ìlagi wà níwájú díẹ̀ lápá òsì, ọ̀nà tó gun òkè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yà sósì!”

Ọkùnrin yìí kì í gba àṣẹ lẹ́nu àbúrò, ṣùgbọ́n ó yà. Kẹ̀kẹ́ fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ó gun ọ̀nà náà, ó sì rì sínú òkìtì èérún pákó. Búrẹ́dì fọ́n káàkiri.

Nígbà tí Ọ̀gá Wáyà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń tu èérún pákó lẹ́nu. Ó ní bíréèkì tó ń sá lójú ogun ni ọmọ yìí ṣe fún òun. Àbúrò kúnlẹ̀, ó ní àṣìṣe òun ni, kí ó má bá ìyàwó rẹ̀ wí. Ẹ̀gbọ́n ní kò sóhun tó burú, rọ́bà òun ni òun á padà sí. Ọ̀rọ̀ yìí ló ba Ọ̀gá Wáyà lẹ́rù jù, nítorí ó mọ ibi tí rọ́bà máa gbé e dé lọ́jọ́ kan.

Ó tú sítóòfù iná ara rẹ̀. Ó gé wáyà tó máa ń pọ́n nínú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí iná lè rí ọ̀nà púpọ̀ gbà, ó sì dè wọ́n sábẹ́ kẹ̀kẹ́. Bí iná tó ń padà bá ti ju ohun tí bátìrì lè gbà, àpótí á darí ìyókù síbẹ̀ kí ó jó di ooru. Àwọn aládùúgbò ní ó dáa bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì á kúkú ti yan kí ó tó dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá Wáyà fúnra rẹ̀ ló fi bátìrì síná títí tí kò fi gbà mọ́. Ó ní òun nìkan ni yóò gùn ún. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

“Èmi ni mo pọ̀n ọ́ gun òkè yìí nígbà tí o ò tíì lè rìn,” ó wí. “O ò lè dá sọ̀ ọ́.”

Wọ́n jọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n di bíréèkì mú, kẹ̀kẹ́ rọra. Wọ́n kọjá ibi tí ó ti ta gìrì níjọ́sí. Wọ́n kọjá ọ̀nà ilé ìlagi. Kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí mọ́. Ooru abẹ́ kẹ̀kẹ́ ń mú wọn lẹ́sẹ̀, irin gbígbóná ń rùn. Kẹ̀kẹ́ ṣì ń rọra, ó ń rọra, ó dúró létí títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ aṣọ wọn.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kò kúrò lórí bíréèkì.

“Bá mi tú u,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ọwọ́ yìí ò gbọ́ tèmi mọ́.”

Àbúrò ń tú u, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.