Òkúta Ọ̀gá Sójà Tí Mi Ò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ọjọ́ tí ogun wọ Òrè, gààrí ni mò ń yan lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ààrá ló ń sán, mo tiẹ̀ bú òjò pé ó fẹ́ ba ọjà mi jẹ́. Ìgbà tí ògiri ilé aládùúgbò mi wó lulẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ààrá yìí kì í ṣe ti ọ̀run. Mo pọn ọmọ mi, mo da gààrí tí kò tíì gbẹ sínú bàsíà, mo gbé e rù, mo bá èrò sá gba ọ̀nà odò.

Afárá onípákó kan ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá sójà ìjọba kan dúró sẹ́nu ẹ̀, ó ń mú àwọn obìnrin kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ ju bàsíà yẹn nù."

Mo ní, "Ọmọ ló wà lẹ́yìn mi, oúnjẹ ẹ̀ ló wà lórí mi. Èwo ni kí n jù nínú méjèèjì?"

Ẹ̀rín pa á. Ìbọn ń dún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú títí mo fi kọjá, ó sì padà lọ mú ẹlòmíràn.

Gààrí tútù yẹn la jẹ nínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, àwa mẹ́sàn-án tá a jọ sá. Inú run wa, ṣùgbọ́n a ò kú. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, a padà. Òkú ọ̀gá sójà yẹn wà lẹ́bàá afárá. Àbàjà mẹ́rin tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. A sin ín síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀.

Mo ti darúgbó sí Barking nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà nítòsí ilé ìtajà ńlá Vicarage Field. Nínú itẹ́ òkú tí mo ra ilẹ̀ ara mi sí, òkúta ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan wà, tó jagun nígbà tí Amẹ́ríkà ṣọ̀tẹ̀ sí ọba wọn. Wọ́n ní ó ti lé ní igba ọdún. Amẹ́ríkà lù wọ́n bolẹ̀ nínú ogun ọ̀hún o, síbẹ̀ wọ́n ń fọ òkúta ẹ̀, wọ́n ń to òdòdó sí i. Mo wò ó títí. Mo ní ọ̀gá tèmi náà á ní òkúta kí n tó kú, orí ilẹ̀ mi ni wọ́n á sì gbé e sí.

Ọmọ tí mo pọ̀n nígbà náà, tí òun náà ti ní ọmọ-ọmọ, ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ?"

"Ojú ẹ̀."

Mo fa ìlà mẹ́rin lápá ọ̀tún páálí ẹja, mo fa mẹ́rin lápá òsì, mo gbé e tọ ọkùnrin tó ń gbẹ́ òkúta ibojì lọ. Òyìnbó náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní ṣé irú ìlà tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí bisikíìtì ni, èyí tí ẹ̀rọ fi ń mọ iye tí wọ́n ń tà á.

Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Ilé tí wọ́n ti bí ọkùnrin ló wà níbẹ̀ yẹn. Gbẹ́ ẹ kó jìn."

Ó gbẹ́ ẹ, ó jìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fọ òkúta náà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá arúgbó kan, aláṣọ funfun, tí òun náà ní àbàjà mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́, yà kúrò lẹ́yìn àwọn tó wá sìnkú. Ó wo òkúta, ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Ará ilé wa ni. Kí ló pa á?"

"Ogun ni, bàbá. Sójà ni."

Kò béèrè orúkọ. Ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Èmi ń da omi sí i.