Ìbọn Ọkọ Àdìjátù

Bí ẹ bá dé Ṣakí, tí ẹ gbọ́ ẹni tó ń bú ìbọn bí ẹni ń bú ọmọ tó ya ọ̀lẹ, Ràsáàkì alágbẹ̀dẹ nìyẹn. Òun ló ń tún ìbọn àwọn ọdẹ ṣe; èmi káfíńtà tó múlé tì í ni mo ń gbẹ́ ìdí igi rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn kó jẹun lásìkò.

Ìbọn kan ṣoṣo ló gbà pé ó pé: ti Ládòkun, àgbà ọdẹ. Ìbọn àtijọ́ ni, tó ní irin ọlọ́wọ́ kan lẹ́yìn. Ẹ ó gbé ọwọ́ irin náà sókè, ẹ ó fà á sẹ́yìn, ẹ ó tì í síwájú kí ọta wọlé, ẹ ó sì dé e. Gbígbé yẹn ló ń ká sípíríǹgì inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti le. Títì kò ní wàhálà. Ràsáàkì a ní, "Ìbọn tó bá le láti tì, àìsàn ló ń ṣe é."

Lọ́dún yìí ni Àdìjátù, opó ọdẹ kan, gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Àjọ̀dún ọdẹ ku ọ̀la. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ìbọn ilé ọdẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dún sójú sánmà. Ilé tí tirẹ̀ bá dákẹ́, ipò rẹ̀ láàárín ọdẹ bọ́ nìyẹn. Obìnrin náà kò fẹ́ kí orúkọ ọkọ òun parẹ́.

Ràsáàkì gbé ọwọ́ irin sókè, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó fà á, ó rọ̀. Ó tì í síwájú, irin dúró lójú ọ̀nà, ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó tú u, ó fi epo pa á, ó tún un tò. Pàbó.

Ó sọ fún Àdìjátù pé, "Ìyá Ṣùkúrù, ẹ má bínú. Ìbọn yìí ti kú."

Omijé lé ròrò sójú obìnrin náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

"Bàbá Misturat," ó bi Ràsáàkì, "ṣé ẹ ti ṣe hẹ̀n sí i?"

"Kí ló ń jẹ́ hẹ̀n?"

"Ọkọ mi ni. Tó bá ń tì í síwájú, á ní 'Hẹ̀n!' bí ẹni tó ń gúnyán. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín."

Ràsáàkì fi "Hẹ̀n!" ti irin náà síwájú títí tó fi wọlé. Ó wá lu itan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Káfíńtà, mo gọ̀! Ti Ládòkun ń ká sípíríǹgì nígbà tí à ń ṣí i. Eléyìí, ìgbà tí à ń tì í ló ń ká tirẹ̀. Ara rẹ̀ le koko! Mo fi ìwà ọmọ kan wọn ọmọ kejì."

Lọ́jọ́ kejì, ní pápá àjọ̀dún, ìbọn Ládòkun dún. Wọ́n pe ilé Àdìjátù. Ó gbé ìbọn sókè, ó ti irin, irin sì dúró lójú ọ̀nà. Àwọn kan ti ń mi orí.

"Ìyá Ṣùkúrù, hẹ̀n!" ni Ràsáàkì pariwo.

Ni gbogbo pápá bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà: "Hẹ̀n!" Irin wọlé, Àdìjátù yìn ín, ìbọn dún gbàù, àwọn ẹyẹ orí igi òrí tú ká. Ìdùnnú pa mí débi pé mo dì mọ́ Ládòkun.

A ń yin Àdìjátù pé ìbọn rẹ̀ dún dáadáa. Ó nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ìbọn ni òun ń gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣe hẹ̀n yẹn fún mi."

A sì tún un ṣe.