Ohùn Màmá Ògbómọ̀ṣọ́

Òórùn káfúrà inú àpótí aṣọ ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé mi padà sí ọ̀sán òjò kan ní àdúgbò Nombakélé, ní Libreville. Mo ṣì kéré. Aṣọ àti kásẹ́ẹ̀tì kan dé sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, káfúrà ń ta sánsán lára wọn. Màámi fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò, ojú wọn pọ́n.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ìyá bàbá mi ni, tí n kò fojú kàn rí. Mo dáhùn pé, "Oui, Màmá."

Ohùn náà dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí. "Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ iléèwé mi ti ní àlejò ni mí, kí n máa lọ sílé wa. Bẹ́ẹ̀, Nombakélé ni wọ́n bí mi sí. Mo bi ohùn náà pé, "Ilé wo, Màmá?"

Màámi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Má dá wọn lóhùn mọ́!"

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé wọ́n ti sin Màmá kí kásẹ́ẹ̀tì náà tó dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òjò ń lu páànù. Nínú rédíò, Màmá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

"Ilé tìrẹ ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mò ń retí rẹ."