Ẹni Tó Di Ẹsẹ̀ Àkàbà Mú

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni ọkọ mi ń ṣe ní Ọ̀jọ́ta. Àwa ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí táńkì omi rẹ̀ wà lórí òpó irin lẹ́yìnkùlé. Òun nìkan ló ní àkàbà nínú ilé náà, kò sì sí ayálégbé tí kì í wá yá a.

Sátidé ni. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, oòrùn sì ti yọ. Táńkì kún, omi kò dúró, ó ń ya wá sórí táìlì. Ọkọ mi ní ohun tó ń dá omi dúró nínú rẹ̀ ló há, pé òun fẹ́ gùn ún lọ tú u. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mò ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ní kó dúró dè mí, kí n ṣan ọwọ́ kí n wá bá a di àkàbà mú.

"Mummy, fọkàn balẹ̀," ló wí. "Kó o tó ṣan ọwọ́ tán, màá ti sọ̀ kalẹ̀."

Mo dìde. Mo ṣì ń wá ibi tí màá gbé ọ̀bẹ sí nígbà tí mo gbọ́ ìró kan. Kò le rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ́ àga nílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè kọ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ àkàbà ti yọ̀ lọ dé ìdí ògiri, omi sì ṣì ń dà lé wọn lórí, òun àti àkàbà.

Ó la ojú nínú mọ́tò tó ń gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Ó bi mí bóyá omi ti dá. Mo ní ó ti dá. Kò bá mi sọ ohun kankan mọ́ títí ó fi kú.

Lára àwọn tó wá kí mi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó bẹ̀rù àkàbà tó ọkọ mi. Ó ní ọkọ mi á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ gbogbo ìtẹ̀gùn rẹ̀ wò, á gbé ẹsẹ̀ àkàbà síbi tó tẹ́jú, á fi okùn so orí rẹ̀ mọ́ nǹkan tó dúró gbọin, kò sì ní gùn ún bí ẹnì kan ò bá dì í mú nísàlẹ̀. Ó ní ìgbà kan wà ní Ṣàngíṣà tí ilẹ̀ oníbàárà kan tutù. Oníbàárà bú u títí, ṣùgbọ́n ńṣe ló jókòó sórí bulọ́ọ̀kù, ó dúró kí ilẹ̀ gbẹ.

"Ìyàwó wa," ọkùnrin náà ní, "ó máa ń sọ fún wa pé ẹnì kan ń retí òun nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó ń retí rẹ̀ ni mo jẹ́. Mo rò pé tó bá ti wọ géètì wa, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ pé òun ti délé, pé kò sí ohun tó tún lè ṣe òun.

Mo ṣì ń gbọ́ ìró náà. Bí àwọn tó wà lókè bá ti wọ́ àga, màá dìde láìmọ̀ pé mo ti dìde. Wọ́n gbàdúrà sí ilé náà, ìró náà kò lọ. Ìyá onílé rọra bi mí bóyá kí wọ́n gbé àkàbà náà sọnù. Mi ò gbà. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì, síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, mo máa ń lọ wò ó bóyá ó ti dìde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ti ọjà Máìlì Méjìlá bọ̀. Mo rí ọkùnrin kan lórí àkàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsì, ó ń kan pátákó. Ẹsẹ̀ àkàbà náà wà létí gọ́tà, kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ẹrù mi kalẹ̀. Mo gbá àkàbà náà mú tọwọ́tọwọ́, mo fi ẹsẹ̀ mi tì í. Tòmátì ń yí lọ sójú títì, àwọn èèyàn ń wò mí.

Ọkùnrin náà bojú wolẹ̀. "Mummy, ṣé kò sí o? Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ojú mi, ó gbé òòlù sápò, ó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, òun ló bá mi tú ìka mi kúrò lára àkàbà.