Obìnrin Tó Mọ Ohùn Ọkọ Pauline

Ẹni tó bá rí Gaynor Thackray létí òkun Filey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fa ajá kékeré rẹ̀ kiri, á ní ìyá jẹ́jẹ́ kan rèé tó ti fẹ̀yìn tì níbi tó ti ń ta sítáǹbù ní pósófíìsì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Irọ́ ni. Ọlọ́pàá ni Gaynor tẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá lásán, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọlọ́pàá ni. Wọ́n á fún un lórúkọ tuntun, wọ́n á rán an lọ sí téṣàn tí wọ́n ti ń fura sí ẹnì kan, á di ọ̀kan nínú wọn, á máa bá wọn jẹ, á máa bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Ní téṣàn tó lò kẹ́yìn, ọdún kan ààbọ̀ ló fi jẹ́ Denise. Sájẹ́ńtì Keith Brayshaw ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ níbẹ̀. Keith a máa wá àdírẹ́sì àwọn èèyàn nínú kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá fún ọkùnrin kan tó ń ta oògùn olóró. Nípasẹ̀ ọ̀kan nínú àdírẹ́sì yẹn ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà fi ká ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́lé, wọ́n fọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ohun tí Keith ṣe kò dára, kò sẹ́ni tó máa ní ó dára. Ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń bi Denise láràárọ̀ pé, "Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?" Gbogbo rẹ̀ ló wọnú ẹ̀rọ. Gaynor ló sì jókòó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀; bí Keith bá wúkọ́, á kọ ọ́ pé ó wúkọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ lọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú.

Láti ìgbà náà ni ohùn Keith ti ń bá Gaynor gbé. Bó bá ń gé àlùbọ́sà, á gbọ́ ọ. Bí omi tíì bá ń hó, ikọ́ Keith ló ń gbọ́ níbẹ̀. Torí rẹ̀ ló ṣe kó wá sí Filey, bóyá atẹ́gùn òkun á gbé ohùn náà lọ.

Ayé mà kéré o. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, opó kan kó wá sílé tó fara ti tirẹ̀. Pauline lorúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó pe Gaynor wá mu tíì. Gaynor ti mu ún dé ìdajì kó tó gbójú sókè rí fọ́tò ìgbéyàwó tó wà lára ògiri: Keith ló ń rẹ́rìn-ín sí i. Pauline ò mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni Denise ti jẹ́rìí ní kóòtù.

Ó yẹ kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Kò lọ. Lẹ́yìn ogún ọdún orúkọ ayédèrú, Pauline ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tó ń pè é ní Gaynor. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wá kù tó ń bà á: ọjọ́ tí Pauline bá mọ̀, Gaynor parí nìyẹn.

Nígbà tó yá, eré kan bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọọjọ́ Àìkú, gbogbo Ìlú Ọba ló ń wò ó: eré àwọn ọlọ́pàá tó ń fara pamọ́ mú ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́. Oorun kì í jẹ́ kí Pauline wò ó lálẹ́, ó máa ń gbà á sílẹ̀, á wá pe Gaynor lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé.

"Wo ọ̀dàlẹ̀!" ni Pauline á máa pariwo mọ́ obìnrin amí inú eré náà. "Ojú ẹ̀ bí ojú ológbò tó jí ẹja jẹ. Irú ẹ̀ ló tú ilé mi ká."

"Eré ni, Pauline. Mu tíì rẹ kó tó tutù."

"Ta ló ń bá ẹ sọ tíì? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹ ni, ìwọ oní-sítáǹbù yìí?"

Ní ọjọ́ Ajé karùn-ún, obìnrin inú eré náà ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú mọ́tò ọlọ́pàá. Ọ̀gá rẹ̀ gbójú mọ́ ọn, àwọn yòókù dákẹ́ lọ. Gaynor bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀.

"Irọ́ rèé! Ta ló máa dákẹ́? Kéèkì ni wọ́n á ní kó gbé wá fún gbogbo téṣàn. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe ló ń gbé kéèkì wá, wọn kì í yọ ọ̀gá pàápàá sílẹ̀."

Pauline tẹ bọ́tìnnì, eré dúró.

"Pósófíìsì wo nìyẹn?"

Gaynor gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu.

"Ọmọbìnrin tuntun kan ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ mọ́tò ní téṣàn Keith," ni Pauline wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àánú ọmọ náà ṣe Keith, ó ní òun lòun ti kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọn. Èmi ni mo yan kéèkì tó gbé lọ. Kéèkì ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Denise lorúkọ ọmọ náà." Ó yíjú sí i. "Ṣé ó dùn?"

Gaynor mọ irọ́ tó lè pa, méjì mẹ́ta ló sáré wá síbi ahọ́n rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kọ̀.

"Ó dùn," ló wí. "Mo jẹ ègé méjì."

Ẹyẹ òkun ń ké lórí òrùlé. Pauline ò pariwo, kò sì nawọ́ sí ìlẹ̀kùn. Ó kàn fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ní kóòtù, ibi tó burú nìkan ni wọ́n kà. Ọdún kan ààbọ̀ lo fi gbọ́ ọkọ mi. Kí ló sọ nípa mi?"

"Pauline, mo bẹ̀ ẹ́..."

"Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. Mo ní kí ló sọ?"

Gaynor di ojú. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, òjò ń rọ̀. Ó ní, 'Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí Pauline mi ti kun yàrá wa láwọ̀ ewé, ọmọ mi. Bíi pé inú abọ́ ẹ̀wà tútù ni mò ń sùn. Ẹnu mi ò sì gbà á láti sọ fún un.'" Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ni Keith ti wúkọ́.

Pauline fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ni o, ẹkún ni o, kò sẹ́ni tó lè sọ. "Ọdún mẹ́sàn-án ló fi sùn síbẹ̀!" Nígbà tó yá ó nu ojú, ojú náà sì le.

"Mi ò dárí jì ẹ́ o, Denise. Má fọkàn sí i. Ṣùgbọ́n o máa wá lọ́la, o máa wá lọ́túnla, títí wàá fi sọ ọ́ tán."

"Ó pọ̀, Pauline."

"Àyè wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kìíní tó o débẹ̀, kí ló kọ́kọ́ sọ?"

Gaynor gbé ife tíì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.