Ọjọ́ tí Ìyá Aláró Kó Aṣọ Wa Sínú Ìkòkò

Aṣọ ilé ìwé ọmọ mi ni mo ń sá lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi ti abúlé dé. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá aláró ti papò dà o." Aṣọ náà funfun báláú, omi ń kán lára rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun ló da èmi àti ìyá yẹn pọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yé mi títí di òní.

Lábúlé wa, lápá Ìyànà Ọ̀fà, ẹ̀bá ọ̀nà odò ni ìkòkò aró wọn wà. Kéèyàn tó rí wọn ni òórùn ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ti ń pàdé rẹ̀ lọ́nà, òórùn kíkan báyìí, bí ewé tó ti rà sómi. Wọ́n á máa gún ẹ̀lú nínú odó, gbì, gbì, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. Wọ́n á máa bá Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá orogún rẹ̀ ṣàwàdà. Tíṣà wa, tó tún ń wàásù fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi, a máa kìlọ̀ pé ká má yà lọ́dọ̀ wọn. A máa ń yà.

Tíṣà yìí náà ló ṣòfin pé ẹni tó bá wọ àkísà wá ní Mọ́ńdè, ilé ni yóò padà sí. Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń jókòó, ọmọ òrukàn ni. Aṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti ya títí, wọ́n ti fi oríṣiríṣi àkísà dí ihò rẹ̀, pupa níhìn-ín, funfun lọ́hùn-ún, tótòtó bí ẹyẹ awó. Bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀: "Awó dé o! Awó, ẹyin rẹ dà?" Tíṣà ti lé e padà nílé ìwé títí, débi pé àbúrò bàbá rẹ̀ tó gbà á tọ́ búra: bí wọ́n bá tún lé e, òun á mú un lọ sílé ọkọ tí wọ́n ti fi í fún láti kékeré. Bẹ́ẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni.

Ní Sátidé, gbogbo wa la máa ń lọ fọ aṣọ ilé ìwé lódò. A ó sá a sórí koríko, a ó wá bọ́ sómi. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, tuntun ni tèmi, aṣọ funfun tí bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin ní Olódò fi ránṣẹ́. Nígbà tí a jáde lómi, koríko lásán la bá. Ìyá aláró ti kó gbogbo rẹ̀, tolówó tòtòṣì, wọ́n ti rì í sínú aró. Mo rí etí aṣọ mi tó yọ létí ìkòkò. Mo figbe ta.

"Ẹ̀yin ọmọ ìhòhò, kí lẹ̀ ń wò?" ni wọ́n wí. Wọ́n ju ògbólógbòó ìró wọn sí wa pé ká pín in ró lọ sílé.

Ìyá mi kò jókòó nígbà tí mo délé ròyìn; ó di ọ̀dọ̀ ìyá aláró. "Ìyá, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Rọra, ìyàwó. A kì í jà létí ìkòkò aró, aró á bàjẹ́."

"Aṣọ ọmọ mi ló bàjẹ́!"

"Kò bàjẹ́. Aró ló mu yó."

Ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bú wọn, nítorí ìyá mi náà mọ̀ pé èèwọ̀ ni ariwo ìjà níbẹ̀.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, aṣọ gbogbo wa dúdú mìnìjọ̀. Ìyá aláró ti rán ihò aṣọ ọmọ yẹn pa, pupa àti funfun rẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó rí awó mọ́. Tíṣà yí wa ká, ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ jókòó." Bó ti gbé ẹfun sókè láti kọ̀wé ni mo rí èékánná rẹ̀. Ó dúdú bí aró.

Ṣé òun àti ìyá aláró jọ mọ̀ sí i ni? Ẹni tó ní ká má yà lọ́dọ̀ aláró, kí ló gbé ọwọ́ tirẹ̀ débẹ̀? Bó bá sì mọ̀, kí ló dé tí kò kàn pa òfin rẹ̀ rẹ́? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bi èmi tí mo ní aṣọ? Bàbá mi kò fi òmíràn ránṣẹ́. Ọmọbìnrin yẹn kò lọ sílé ọkọ, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí títí a fi kàwé tán níbẹ̀. N kò béèrè lọ́wọ́ ìyá aláró nígbà tí wọ́n wà láyé. Wàyí o, ta ni n ó bi?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àbúrò mi dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n lé ọmọ kan padà ní kíláàsì wọn nítorí aṣọ.

Ó wo aṣọ rẹ̀ lórí okùn. "Ìyá, ṣé olè ni wọ́n àbí olóore?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi," ni mo wí. "Inú aṣọ yẹn ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ṣì wà láyé ni, ọwọ́ ara mi ni ǹ bá fi gbé tìrẹ lọ bá wọn."