Ohun Tí Mo Lé Lọ

Káfíńtà ni mí ní Mowe. Ọdún kọkànlá rèé tí mọ́tò gbá àkọ́bí mi obìnrin níbi tó ti ń sọdá ọ̀nà márosẹ̀ ní Ibafo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Èmi tí mo máa ń kan pósí fún ará àdúgbò, wọn ò jẹ́ kí n kan tirẹ̀. Wọ́n ní òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi kó ọkùnrin mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n gbé e lọ. Kí wọ́n tó dé, àwọn obìnrin ilé ti palẹ̀ aṣọ, bàtà àti fọ́tò rẹ̀ mọ́. "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ ọ́, bíi pé etí mi di.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. "Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Má ronú ẹ̀ mọ́. Gbàgbé."

Mo gbàgbé tipátipá. Bí ẹ̀rín rẹ̀ bá fẹ́ sọ sí mi lọ́kàn, màá gbé ayùn, màá fi ariwo pákó lé e lọ. Bí àlejò bá ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀, màá fi ìbínú dìde. Mo rò pé mo ti ṣe ọkùnrin.

Àmọ́ ìbẹ̀rù ò bá àwọn ìrántí náà lọ. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, ẹyọ ọmọ kan tó kù wá kù, wọ yunifásítì ní Ibogun, mo ń pè é ṣáá: ṣé o ti dé, ta ló gbé ọ lọ́kadà? Ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ ò tó mi. Lọ́jọ́ kan lóṣù tó kọjá, fóònù rẹ̀ ò lọ láti àárọ̀. Mo pa iṣẹ́ oníbàárà tì, mo forí lé Ibogun tòun taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Níwájú ilé tó háyà ni mo ti bá a, ó ń fọṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Dípò kí n dúpẹ́, igbe ni mo fi bọnu: "Fóònù ẹ ńkọ́?"

"Daddy, mo pa á ni. Ó ti sú mi." Kò gbójú sókè. "Èmi kọ́ lẹ̀ ń pè. Sister mi lẹ̀ ń pè. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn, mi ò rántí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹyọ kan péré fún mi nípa ẹ̀. Kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín?"

Mo jókòó sórí bulọ́ọ̀kù. Mo wá ohùn rẹ̀, mo wá oúnjẹ tó fẹ́ràn, mo wá ẹ̀rín náà. Gbogbo wọn ni mo ti lé, wọ́n sì ti lọ. Ìpè ọjọ́ tí mọ́tò gbá a ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, tó ní kí n máa bọ̀ ní Ibafo kíákíá.

Ọmọ mi ṣì ń wò mí lẹ́nu.